Bí Kọ̀ǹpútà Ńlá Ti Ń Ṣírò Òjò, àti Ìdí Tí Ìṣirò Rẹ̀ Fi Ń Yẹ̀ ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Nígbà tí oṣù kẹta bá ń parí lọ, tí òjò àkọ́rọ̀ sì ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì ní Òmù-Àrán, ní Èsìẹ́ àti ní àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù, ìbéèrè kan a máa wà lọ́kàn gbogbo àgbẹ̀ tí ó ti kọ ebè sílẹ̀: ǹjẹ́ òjò ti dé ní tòótọ́, àbí ó kàn yà lásán ni? Ẹni tí ó bá gbin àgbàdo lójú ẹsẹ̀ lè rí i pé òjò fà sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, tí ohun tí ó ti hù jó mọ́ ilẹ̀, tí ó sì di dandan fún un láti tún ná owó ra irúgbìn mìíràn. Ẹni tí ó bá sì dúró jù, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ti máa ta àgbàdo tútù kí tirẹ̀ tó yọmọ.

Láyé àtijọ́, àwọn àgbà a máa wo ojú ọ̀run, wọn a máa wo igi tí ó ń rúwé, wọn a sì máa fetí sí ohùn ẹyẹ. Wọ́n ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí àgbẹ̀ a tún máa gbọ́ lórí rédíò, tàbí kí ó rí i lórí tẹlifóònù alágbèéká ọmọ rẹ̀, pé òjò yóò rọ̀ lọ́la, ìdá 60 nínú 100. Ní ọjọ́ mìíràn òjò náà a rọ̀. Ní ọjọ́ mìíràn oòrùn ni yóò mú ganrínganrín láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan ti torí èyí sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe irọ́. Ìṣirò ni, ẹ̀rọ kan tí agbára rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ọkàn lè rò lọ ni ó sì ṣe é. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe é, àti ìdí tí ó fi ń yẹ̀ ní apá ibí ayé ju ibòmíràn lọ, yẹ ní mímọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi irúgbìn rẹ̀ sí ìkáwọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ ŃLÁ JẸ́

Kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ kò ṣàjèjì mọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì ń lò kì í ṣe irú kan náà tí a kàn sọ di gbàgbà-n-gbàgbà. Ó dà bí ìgbà tí a bá kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà sínú gbọ̀ngàn kan, tí a tò wọ́n sórí pẹpẹ bí ìwé, tí a fi wáyà so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí a wá pín iṣẹ́ kan ṣoṣo fún gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí a ti ń pín oko fún àwọn tí ó wá jẹ́ ìpè ọ̀wẹ̀. Olúkúlùkù gba aporo tirẹ̀, wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì jọ parí. Ooru tí ń jáde lára wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a ní láti máa fi omi tàbí afẹ́fẹ́ tútù tù wọ́n tọ̀sán tòru.

Ní ọdún 2016 ni a ṣí irú rẹ̀ kan ní ìlú Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, ní ibùdó tí ìjọba orílẹ̀-èdè náà dá sílẹ̀ fún àwọn oníwàádìí. Lengau ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ yìí ni àwọn tí ń sọ èdè Setswana ń pe ẹranko alámì tótòtó kan tí ó jọ ẹkùn, tí kò sí ẹranko mìíràn lórí ilẹ̀ tí ó lè bá a sáré. A ṣe ẹ̀rọ náà kí ó lè ṣe ìṣirò bílíọ̀nù kan lọ́nà mílíọ̀nù kan láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí gbogbo ènìyàn tí ó wà láyé, tí wọ́n lé ní bílíọ̀nù 8, bá jókòó, tí olúkúlùkù sì ń ṣe ìṣirò kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan láìjẹun láìsùn, yóò gbà wọ́n ní nǹkan bíi wákàtí 34 kí wọ́n tó ṣe èyí tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Nàìjíríà ti lo ibùdó Cape Town yìí láìkúrò ní ọ́fíìsì wọn. Wọn a kọ̀wé béèrè àyè. Bí a bá sì fún wọn, wọn a gba orí íntánẹ́ẹ̀tì fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́. Iṣẹ́ náà a tò sórí ìlà lẹ́yìn iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn títí yóò fi kàn án, èsì rẹ̀ a sì padà wá. Bí iná mànàmáná bá lọ ní ìlú ọ̀mọ̀wé náà lákòókò yìí, ẹ̀rọ tí ó wà lọ́nà jíjìn kò tilẹ̀ mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń bá lọ. Oríṣiríṣi ni ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń wá. Àwọn kan ń wá bí èròjà oògùn ti lè lẹ̀ mọ́ kòkòrò àrùn, àwọn kan ń wo ohun èlò tí ó lè gba iná láti ara oòrùn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a bẹ ẹ̀rọ ìṣirò, tí ó sì kan àgbẹ̀ jùlọ, ni ìṣirò ojú ọjọ́.

ỌKÙNRIN TÍ Ó FI ỌWỌ́ ṢÍRÒ

Kí ẹ̀rọ tó dé rárá ni a ti ronú kan ọ̀nà náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Lewis Fry Richardson wà ní ilẹ̀ Faransé, tí ó ń wa ọkọ̀ tí ń gbé àwọn tí ó gbọgbẹ́ lójú ogun. Ẹlẹ́sìn ni, kò gbà láti gbé ìbọn. Nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, a máa mú bébà àti gègé, a máa ṣírò bí ojú ọjọ́ yóò ti yí padà láàrin wákàtí 6 péré ní àárín gbùngbùn Yúróòpù, ní ọjọ́ kan tí ó ti kọjá, èyíinì ni 20 oṣù karùn-ún ọdún 1910. Ìwé náà sọnù nínú ìjà ní 1917. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni a rí i lábẹ́ òkìtì èédú ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù.

Èsì ìṣirò náà burú jáì. Ó fi hàn pé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ yóò fò sókè ní ọ̀nà tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí láyé, bẹ́ẹ̀ ni ní ọjọ́ náà gan-an ìwọ̀n afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá. Kì í ṣe pé ọ̀nà rẹ̀ kò dára: àwọn ohun tí a wọ̀n tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ni kò gún régé, àṣìṣe kékeré inú wọn sì di ńlá. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ náà yóò tún jáde níwájú. Richardson kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ní 1922 pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀. Ó sì fi àlá kan kún un: bí a bá kó ènìyàn 64,000 jọ sínú gbọ̀ngàn roboto kan, tí olúkúlùkù ń ṣírò ojú ọjọ́ ibi tí a fi lé e lọ́wọ́, tí ọ̀gá kan sì dúró sórí òpó gíga láàrin wọn, tí ó ń darí wọn bí ẹni tí ń darí onílù, wọ́n á lè máa bá ojú ọjọ́ ayé rìn ní ẹsẹ̀ kan náà.

Ní 1950 ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. ENIAC ni orúkọ ẹ̀rọ náà, ó kún odidi iyàrá ńlá. Àsọtẹ́lẹ̀ wákàtí 24 gbà á ní nǹkan bíi wákàtí 24, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀la ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé kí ẹ̀rọ tó sọ bí ọ̀la yóò ti rí. Ní 1989, Philip Emeagwali, ọmọ Nàìjíríà tí a bí ní Àkúrẹ́ ní 1954, wà lára àwọn tí ó gba Ẹ̀bùn Gordon Bell ní Amẹ́ríkà. Ìṣirò bí epo rọ̀bì ti ń ṣàn nínú ilẹ̀ ni tirẹ̀, ẹ̀rọ tí ó sì fi ṣe é ní ẹ̀yà ìṣirò 65,536 tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iye náà kò jìnnà sí iye ènìyàn tí Richardson fẹ́ kó jọ sínú gbọ̀ngàn rẹ̀.

AYÉ TÍ A PÍN SÍ ÀPÓTÍ

Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ńlá ń gbà ṣe é kò ṣòro láti lóye. A pín gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó yí ayé ká sí àpótí àpótí, a tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀ àti lórí òkun, a sì tún tò wọ́n lé ara wọn lọ sókè. Fún àpótí kọ̀ọ̀kan a kọ bí ooru ibẹ̀ ti tó, bí ọ̀rinrin ibẹ̀ ti pọ̀ tó, ìwọ̀n afẹ́fẹ́, àti ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ yóò fi àwọn òfin tí Ọlọ́run fi dá afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́: ohun tí ó bá gbóná a máa gòkè, afẹ́fẹ́ a máa ti ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ ti pọ̀ lọ sí ibi tí ó ti kéré, ọ̀rinrin tí ó bá tutù tó a di ìkùukùu. Ẹ̀rọ yóò ṣírò bí àpótí kọ̀ọ̀kan yóò ti rí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, yóò jẹ́ kí olúkúlùkù sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i fún àwọn aládùúgbò rẹ̀, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀, títí yóò fi dé ọ̀la, ọ̀tunla àti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ibùdó tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ dá sílẹ̀ ní 1975 fún iṣẹ́ yìí, tí a ń pè ní ECMWF, wà ní ìlú Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 2022 ni àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní Bologna ní ilẹ̀ Ítálì. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ àsọtẹ́lẹ̀ ní 1979, ìbú àpótí rẹ̀ kan tó nǹkan bíi 200 kìlómítà. Nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, Ìlọrin, Òmù-Àrán, Èsìẹ́, Ìlá-Ọ̀ràngún àti Ilé-Ifẹ̀ lè jọ wà nínú ẹyọ kan ṣoṣo, kí òjò kan náà sì máa rọ̀ sí gbogbo wọn lójú ẹ̀rọ. Láti 2016 ni ìbú àpótí náà ti di nǹkan bíi 9 kìlómítà, tí Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ fi wá ní àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyípadà yìí kò rọrùn. Bí a bá dín ìbú àpótí kù sí ìdajì, iye àpótí tí ó bo ilẹ̀ di ìlọ́po 4, a sì gbọ́dọ̀ máa ṣírò lẹ́ẹ̀mejì níbi tí a ti ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ náà di ìlọ́po 8. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kò fi lè jókòó jẹ́ẹ́ bí a bá ti ń ta ẹ̀rọ tí ó lágbára jù ti àná lọ.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí olùgbọ́ rédíò mọ̀. Níwọ̀n bí àṣìṣe kékeré ní ìbẹ̀rẹ̀ ti lè di ńlá, bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí Richardson, ibùdó náà kì í ṣírò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń ṣe é ní ìgbà 51, tí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó bi àgbà 51 léèrè ọ̀rọ̀ kan náà. Bí 31 nínú wọn bá sọ pé òjò yóò rọ̀, tí 20 ní kò ní rọ̀, a lè gbé e síta pé ìdá 60 nínú 100. Nítorí náà, bí òjò kò bá rọ̀ ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a kò lè sọ pé ẹ̀rọ purọ́. Nínú ọjọ́ 10 tí a bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí òjò rọ̀ ní bíi 6, kí ó má sì rọ̀ ní 4. Ibi tí a ti lè dá ẹ̀rọ lẹ́bi ni bí a bá ka ọjọ́ púpọ̀, tí a sì rí i pé iye náà kò bára mu.

IBI TÍ ÌṢIRÒ TI Ń YẸ̀

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Jámánì ṣe irú kíkà bẹ́ẹ̀ fún Áfíríkà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2018. Wọ́n kó àsọtẹ́lẹ̀ òjò láti ibùdó ńláńlá 9 káàkiri ayé, ti ọdún 2007 sí 2014, fún apá àríwá ilẹ̀ olóoru Áfíríkà, wọ́n sì fi wọ́n wé òjò tí ó rọ̀ ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n fi wọ́n wé ohun kan tí kò gba agbára ẹ̀rọ rárá: kí a kàn wo bí òjò ti máa ń rọ̀ sí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ní ọdọọdún, kí a sì fi ìyẹn ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Lápapọ̀, àwọn ẹ̀rọ olówó iyebíye náà kò sàn ju ìrántí ọdún tí ó kọjá lọ. Àgbà tí ó sọ pé òun mọ ìgbà òjò láti ìrírí òun kò tíì fìdí rẹmi lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ní apá ibí yìí.

Kí ló fà á? Èkíní ni irú òjò tí ń rọ̀ níbí. Ní Yúróòpù, ìjì òjò kan lè gbòòrò tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, kí ó sì rìn jẹ́jẹ́ láti orí òkun wá. Kò sí àpótí tí kò ní rí i. Òjò ilẹ̀ Ìgbómìnà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti inú ìkùukùu tí ó ga fíofío ṣùgbọ́n tí ìbú rẹ̀ kò tó nǹkan wá. Ooru ọ̀sán a gbé e dìde, òjò a rọ̀ ní oko kan, oko kejì a gbẹ. Tàbí kí ojú ọ̀run ṣú dùdù ní ìlà-oòrùn, kí ìjì jà, kí òjò alágbára dé pẹ̀lú àrá, kí ó sì kọjá lọ sí ìwọ̀-oòrùn kí a tó kó aṣọ tán lórí okùn. Ìkùukùu tí ó kéré ju àpótí lọ kò hàn sí ẹ̀rọ. Ńṣe ni àwọn tí ó ṣètò ẹ̀rọ ń fún un ní òfin àfojúdá: bí ooru bá tó báyìí, tí ọ̀rinrin sì tó báyìí, ka òjò báyìí sí i. Àfojúdá náà a sì máa mú kí òjò tètè rọ̀ jù lọ́sàn-án, kí ó sì máa tàn káàkiri bí ìrì.

Èkejì ni pé a kò wọn ojú ọjọ́ tó. Sátẹ́láìtì ń wo ìkùukùu láti òkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin àti atẹ́gùn ti rí láàrin ilẹ̀ àti ìkùukùu, bàlúùnù tí ó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ sókè ni ó ń sọ ọ́ dáadáa jù. Ní Yúróòpù irú bàlúùnù bẹ́ẹ̀ ń gòkè lójoojúmọ́ láti ìlú púpọ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ibi tí ó ti ń gòkè déédéé kò pọ̀, owó bàlúùnù àti gáàsì inú rẹ̀ a sì máa ṣòro láti rí. Níbi tí a kò bá ti wọn nǹkan, ẹ̀rọ a mú àbá tí ó ṣe lánàá bẹ̀rẹ̀ tòní. Ìbẹ̀rẹ̀ tí kò gún régé tún nìyẹn.

OHUN TÍ A WỌ̀N NÍ ÌLỌRIN ÀTI NÍ ILÉ-IFẸ̀

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ti ṣe kò kéré. Láti 1992 ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ìlọrin ti bẹ̀rẹ̀ sí wọn bí ìtànṣán oòrùn ti ń dé ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ibùdó díẹ̀ tí a yàn káàkiri ayé fún iṣẹ́ náà. Ní 1998 ni a tún gbé ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tí ó ń wo ojú oòrùn fúnra rẹ̀, tí ó sì ń sọ bí eruku inú afẹ́fẹ́ ti pọ̀ tó. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ilé iṣẹ́ NASA ti Amẹ́ríkà so pọ̀ sí ọ̀nà kan. Ẹnikẹ́ni tí ó ti fi ìka kọ orúkọ sórí tábìlì nígbà ọyẹ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń wọ̀n. Púpọ̀ nínú eruku náà ń ti Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì wá, níbi tí ó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá kan láyé àtijọ́, kí omi náà tó gbẹ. Eruku yìí ń dí oòrùn lójú, ó ń dín ooru ọ̀sán kù, ó sì ń dá ọkọ̀ òfuurufú dúró. Àwọn oníwàádìí jìnnà réré, tí wọn kò tẹ Ìlọrin rí, ń mú iye tí a wọ̀n níbẹ̀ lọ́dọọdún wé ohun tí kọ̀ǹpútà wọn sọ, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà mọ ọyẹ́ tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Èyí tí ó tún tóbi jù bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016. Àwọn ọ̀mọ̀wé láti Yúróòpù àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà para pọ̀ nínú iṣẹ́ kan tí a sọ ní DACCIWA, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náwó sí. Wọ́n yan ibi mẹ́ta láti kó ẹ̀rọ ìwọ̀n jọ sí lórí ilẹ̀: Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn ará Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ṣiṣẹ́, ìlú Ṣábẹ ní ilẹ̀ Benin, tí àwọn Faransé ń kọ ní Savè, tí Yorùbá sì ni àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, àti Kumasi ní Gánà. Ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta ń gbéra láti Lomé, wọ́n ń la inú ìkùukùu kọjá láti wọ̀n ọ́n. Bàlúùnù ń gòkè lọ́sàn-án lóru.

Ohun tí wọ́n ń wá ni ìkùukùu kan tí kò ga, tí ó máa ń bo ojú ọ̀run láti òru nígbà òjò, tí kì í sì í ká títí ọ̀sán fi ń lé. Obìnrin tí ó bá fẹ́ sá ohunkóhun ní oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí yóò kó o síta ní òwúrọ̀, kò sì ní rí oòrùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìṣirò tí a fi ń wo ojú ọjọ́ ayé kò mọ ìkùukùu náà bí ó ti yẹ. Lójú wọn, oòrùn ń ràn ní gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju bí ó ti ń ràn ní tòótọ́. Ẹ̀rọ tí ó bá ka oòrùn tí kò sí yóò mú ilẹ̀ gbóná jù, yóò sì gbé òjò sí ibi tí kò yẹ.

Àwọn tí ó wọn afẹ́fẹ́ ní 2016 rí bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, afẹ́fẹ́ tútù láti etí òkun a wọ inú ilẹ̀ lọ. Bí òru ti ń jìn, atẹ́gùn kan tí ó wà lókè díẹ̀ sí ilẹ̀ a máa yára sí i, a máa gbé ìtutù yìí wá títí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yóò fi di ìkùukùu. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ìkùukùu náà a dí oòrùn; nítorí tí oòrùn kò sì lè mú ilẹ̀ gbóná kíákíá, ìkùukùu náà a pẹ́ kí ó tó fọ́n ká. Iye tí wọ́n wọ̀n yìí ni àwọn tí ń ṣètò kọ̀ǹpútà ńlá ń lò láti tún òfin inú ẹ̀rọ wọn ṣe.

ÀPÓTÍ TÍ Ó KÉRÉ SÍ I

Àwọn onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n pín gbogbo Áfíríkà sí àpótí tí ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 4.5 kìlómítà lọ, kí ẹ̀rọ lè bẹ̀rẹ̀ sí rí ìkùukùu òjò fúnra rẹ̀ láìlo àfojúdá. Wọ́n ṣírò ọdún 10 ti ìsinsìnyí àti ọdún 10 ti òpin ọ̀rúndún yìí. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 2019 sọ ohun tí ó yẹ kí àgbẹ̀ gbọ́: bí ayé ti ń móoru sí i, òjò tí ń rọ̀ bí ẹni ń da omi yóò pọ̀ sí i, ọ̀dá àárín àkókò òjò ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà yóò sì gùn sí i, ju bí ìṣirò alápòótí ńlá ti sọ tẹ́lẹ̀ lọ. Èyíinì ni pé òjò àkọ́rọ̀ tí ń tan àgbẹ̀ jẹ lè máa tàn án sí i.

Láti 2017 sí 2022 ni Yunifásítì Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe olórí iṣẹ́ kan tí a pè ní African SWIFT, tí àjọ ìjọba Nàìjíríà fún ojú ọjọ́, NiMet, àti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó dára nínú rẹ̀ ni pé olùkọ́ yunifásítì àti òṣìṣẹ́ tí ń kéde ojú ọjọ́ jọ jókòó sídìí iṣẹ́ kan náà, èyí tí kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wo àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà ní ìṣẹ́jú 15 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ń tọpa ìjì tí ó ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń sọ ibi tí yóò dé láàrin wákàtí díẹ̀. Irú ìkéde yìí kò lè sọ ọjọ́ tí a ó gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n ó lè sọ fún awakọ̀ àti fún ẹni tí ó sá èlùbọ́ pé kí ó yára.

Ọ̀nà tuntun kan tún ti dé. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ECMWF bẹ̀rẹ̀ sí lo ẹ̀rọ tí kì í ṣírò òfin afẹ́fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó kàn kọ́ láti inú àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ ọ̀pọ̀ ọdún bí ọmọ iṣẹ́ ti ń wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó yára púpọ̀, kò sì jẹ iná bí ti àtijọ́, tí ó fi lè wúlò ní orílẹ̀-èdè tí kò lè ra kọ̀ǹpútà ńlá. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí a fún un ni ó kọ́. Ibi tí àkọsílẹ̀ bá ti pẹ́ tí ó ti ń ṣọ̀wọ́n, ohun tí ó kọ́ níbẹ̀ kò lè pọ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti padà dé Òmù-Àrán. Yunifásítì Landmark tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2011 fi iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe olórí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń dán ajílẹ̀ tàbí irúgbìn wò ní oko ìwádìí kò lè ṣe é láìmọ iye òjò tí ó rọ̀ sí oko náà gan-an. Ìkéde NiMet tí ń jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, tí ń sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, náà dúró lórí òjò tí a ti wọ̀n sílẹ̀. Àgbẹ̀ lè fi ìkéde ọdún yìí mọ bí àkókò yóò ti rí lápapọ̀, kí ó fi ti ọ̀la àti ọ̀tunla mọ ọjọ́ iṣẹ́, kí ó má sì gbé irúgbìn púpọ̀ lé ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ lórí.

Wíwọn òjò kò sì gba kọ̀ǹpútà. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ní ike tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún, tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, lè gbé e sí gbangba níbi tí igi àti òrùlé kò ti ṣíji bò ó, kí a rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa dà á nù. Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, ní wákàtí kan náà, kí ọmọ kan fi rúlà wọn bí omi inú rẹ̀ ti ga tó ní mìlímítà, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ oṣù, kí ó sì da omi náà nù. Bí òjò kò bá rọ̀, kí ó má fi àyè ọjọ́ náà sílẹ̀ lófìfo; kí ó kọ òdo síbẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá ka ìwé náà ní ogún ọdún sí i kò ní mọ̀ bóyá òjò ni kò rọ̀ tàbí ọmọ náà ni kò wá sí ilé ẹ̀kọ́.